Ẹ̀jẹ̀ inú Sweeney Todd kò pọ̀ jù, orin ló ń wọ̀n ọ́n

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ òǹwòran máa ń sọ bí wọ́n bá wo fíìmù Sweeney Todd tán: wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, wọ́n á tún ní kí ló wá kan orin níbi tí wọ́n ti ń dúńbú èèyàn bí ẹni dúńbú ẹran. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi èsì yìí sójú ìwé yín. Ohun tí fíìmù náà fi dára gan-an ni wọ́n ń pè ní àléébù rẹ̀, ó sì dùn mí pé àwa tí a ni eré onórin láti ilẹ̀ wá ni a ń sọ bẹ́ẹ̀.

Fún ẹni tí kò tíì wò ó: Tim Burton ló darí fíìmù náà. Ó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 21, oṣù Kejìlá, ọdún 2007, ó dé Britain ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ó gùn tó ìṣẹ́jú 116. Ìtàn onígbàjámọ̀ kan ní London ni. Benjamin Barker ni orúkọ rẹ̀, ó níyàwó tó rẹwà, ó sì bí ọmọbìnrin kan. Adájọ́ kan wo ìyàwó yìí, ojú rẹ̀ wọ̀ ọ́, ló bá purọ́ mọ́ ọkọ, ó ní kí wọ́n kó o lọ sí ilẹ̀ Australia pẹ̀lú àwọn ọ̀daràn. Lẹ́yìn ọdún 15, Barker padà wálé pẹ̀lú orúkọ tuntun, Sweeney Todd. Ó tún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣí lókè ilé Ìyáàfin Lovett, obìnrin tó ń ta páì ní Fleet Street. Ẹni tó bá jókòó sórí àga rẹ̀ kì í sábà dìde mọ́, páì Ìyáàfin Lovett tí ẹnikẹ́ni kì í rà tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà wàràwàrà. Ẹ ti mọ ẹran tó wà nínú rẹ̀.

Ìtàn yìí ti pẹ́. Láàárín 1846 sí 1847 ni wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ̀ ẹ́ lápá lápá nínú ìwé ìròyìn olówó pọ́ọ́kú kan ní London. Nígbà yẹn, ìwọra lásán ló ń mú kí onígbàjámọ̀ náà pààyàn. Eré tí Christopher Bond kọ nínú àwọn ọdún 1970 ló fún un ní ìdí, ìyẹn ìwà ìkà tí adájọ́ hù sí i. Lórí eré yẹn ni Stephen Sondheim gbé orin rẹ̀ lé, Hugh Wheeler bá a kọ ọ̀rọ̀ eré, Harold Prince sì gbé e jáde lórí ìtàgé Broadway ní New York ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹta, ọdún 1979. Nítorí náà, kì í ṣe pé wọ́n mú fíìmù ẹ̀rù, wọ́n wá lẹ orin mọ́ ọn lára. Orin ló kọ́kọ́ wà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lẹ́nu lásán kò tó ìdajì ohun tí wọ́n fi orin sọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ná.

Bí fíìmù náà ṣe bẹ̀rẹ̀, òkùnkùn ni, dùùrù ńlá bí ti ṣọ́ọ̀ṣì sì ń dún lábẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá wò ó nínú gbọ̀ngàn sinimá tí ẹ̀rọ ohùn rẹ̀ dára á mọ̀ ọ́n láyà kó tó gbọ́ ọ létí. Òjò ń rọ̀, ẹ̀kán kan nínú rẹ̀ sì pupa. A ń tẹ̀ lé e: ó ṣàn gba ara àga, ó gba àárín eyín irin ẹ̀rọ, ó dé ẹnu ẹ̀rọ ìlọran, títí tó fi bọ́ sínú ihò omi ìdọ̀tí ìlú. Kò tíì sí èèyàn kankan lójú àwòrán, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀nà tí ìtàn náà máa gbà ti hàn sí wa. Lẹ́yìn èyí, ó pẹ́ gan-an kí a tó tún rí ẹ̀jẹ̀ tó dà gidi. Àwọn tó ní ó pọ̀ jù kì í rántí pé wọ́n fi ebi ẹ̀jẹ̀ pa wá tó bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ìlú London inú fíìmù náà ló ṣe bí ẹni pé wọ́n fi eérú wẹ̀ ẹ́. Ojú òṣèré funfun bí ẹfun, abẹ́ ojú wọn dúdú, aṣọ wọn dúdú, ojú ọ̀run dà bí ìdí ìkòkò. Ìgbà tí àwọ̀ bá yọ, ohun méjì péré ló ń sọ: ayé àtijọ́ ti Barker pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, àti àlá Ìyáàfin Lovett pé àwọn méjèèjì máa lọ gbé létí òkun. Nínú àlá yẹn, ojú ọ̀run mọ́ roro, aṣọ obìnrin náà dára, ṣùgbọ́n onígbàjámọ̀ jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ojú òkú kan náà tó gbé wá láti ilé. Ohun kẹta tó ní àwọ̀ ni ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá dà, ó pupa ju bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pupa lọ, ó sì ń tú jáde bí omi ẹ̀rọ tó bẹ́. Kò jọ ẹ̀jẹ̀ tòótọ́, wọn ò sì fẹ́ kó jọ ọ́. Ìbínú tí ọkùnrin yìí ti gbé mì fún ọdún 15 ni wọ́n fi hàn wá.

Iṣẹ́ ọwọ́ ńlá wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lò níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù náà kò pupa rárá, àwọ̀ ọsàn ni. Nígbà tí wọ́n bá wá fa àwọ̀ kúrò lára àwòrán lórí kọ̀ǹpútà kí ìlú lè rí bí eérú, ẹ̀jẹ̀ aláwọ̀ ọsàn yẹn ló ń jókòó sí pupa. Bí wọ́n bá ti lo pupa láti ìbẹ̀rẹ̀, dúdú ni ì bá dà. Àwọn tó ń ṣe fíìmù nílé ń ṣe àṣìṣe yìí lójoojúmọ́: wọ́n á po ẹ̀jẹ̀ tó dára lójú, wọ́n á yà á lábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù lóru, tí wọ́n bá padà wò ó, ó ti dúdú bí àdín. Ẹ wo ẹ̀jẹ̀ yín nínú kámẹ́rà, lábẹ́ iná tí ẹ máa lò gan-an, kí ẹ sì fa àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà bí ẹ ṣe máa fà á nígbẹ̀yìn, kí òṣèré tó wọṣọ rárá. Fún lítà kan omi ṣúgà glucose tó mọ́ gaara, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ méjì àwọ̀ oúnjẹ pupa àti ṣíbí tíì kan ti yẹ́lò. Bí ẹ bá máa fa àwọ̀ kúrò lẹ́yìn náà, ẹ máa fi yẹ́lò kún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rí bí epo pupa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́. Ẹ̀kán ọṣẹ olómi díẹ̀ á jẹ́ kó wọ inú aṣọ dípò kó máa yí kiri lórí rẹ̀ bí omi lórí ewé kókò, ṣùgbọ́n èyí tó bá máa wọ ẹnu òṣèré kò gbọdọ̀ ní ọṣẹ nínú. Ṣúgà ni, ó ń lẹ̀ mọ́ra, ó ń pe èèrà, àwọ̀ rẹ̀ kì í sì í kúrò lára aṣọ funfun. Ẹni tó bá fẹ́ ya ìran kan ṣoṣo ní ẹ̀ẹ̀mẹta gbọ́dọ̀ ní aṣọ kan náà mẹ́ta nílẹ̀.

Ti ọrùn ńkọ́? Ọ̀nà tó ti pẹ́ jù ni abẹ tí kò ní ẹnu. Wọ́n á lẹ páìpù tín-ínrín mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí kámẹ́rà kò rí, páìpù náà á gba inú apá aṣọ òṣèré lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mú síríǹjì ńlá dání nílẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni afẹ́fẹ́. Bí páìpù kò bá kún dé ẹnu kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ húkọ́, á yọ ìfófòó, gbogbo sinimá á rẹ́rìn-ín. Èkejì ni àkókò: bí ẹni tó mú síríǹjì bá tẹ̀ ẹ́ kí abẹ tó dé ọrùn, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Nínú eré onórin, ẹni yẹn gbọ́dọ̀ mọ orin náà bí òṣèré ṣe mọ̀ ọ́n, kó máa ka ìlù sínú.

Ibi tí mò ń lọ nìyí, nítorí pé orin ló ń pàṣẹ fún abẹ nínú fíìmù yìí.

Ìran kan wà ní ìdajì kejì fíìmù náà tí mi ò rí irú rẹ̀ rí. Iṣẹ́ onígbàjámọ̀ àti Ìyáàfin Lovett ti ń lọ déédéé. Onígbàjámọ̀ ń fi orin jẹ́jẹ́ bá ọmọbìnrin rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀, irú orin tí bàbá máa ń kọ tí ọmọ bá fẹ́ sùn. Bó ṣe ń kọ ọ́, oníbàárà kan jókòó. Ó fi ọṣẹ pa á lágbọ̀n, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè pẹ̀lú ìka kan, ó fa abẹ kọjá. Ẹ̀jẹ̀ tú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ irin kan nílẹ̀, ẹ̀yìn àga ṣubú sẹ́yìn, ilẹ̀kùn inú pátákó là, ọkùnrin náà fi orí sọ̀kalẹ̀, bàtà rẹ̀ ló gbẹ̀yìn. A gbọ́ ìró orí lórí òkúta nísàlẹ̀, gbì. Àga padà dìde. Oníbàárà kejì jókòó. Ní gbogbo àkókò yìí, orin kò yára, ohùn kò gbọ̀n, onígbàjámọ̀ kò tilẹ̀ wo àwọn tó ń pa. Ojú fèrèsé ló ń wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ràn ọmọbìnrin náà ń wá a kiri ìgboro, òun náà ń kọrin. Obìnrin alágbe kan ń ké pé ẹ wo èéfín burúkú tó ń jáde ní ilé páì yẹn, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ kékeré. Wọ́n jókòó dè é. Onígbàjámọ̀ wo ọmọ náà. Ó fá irùngbọ̀n bàbá rẹ̀ fún un dáadáa, wọ́n sì jáde lọ.

Bí ẹ bá yọ orin kúrò níbẹ̀, ìpakúpa lásán ló kù, ara èèyàn á sì kọ̀ ọ́. Bí ẹ bá yọ ẹ̀jẹ̀ kúrò, orin arò lásán ni. Àwọn méjèèjì pa pọ̀ ló jẹ́ ká rí bàbá kan tí ìfẹ́ ọmọ ṣì wà nínú rẹ̀ tí àánú èèyàn sì ti tán nínú rẹ̀.

Ìran tí adájọ́ kọ́kọ́ jókòó sórí àga náà tún yàtọ̀. Níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kankan kò dà. Ọ̀tá ọdún 15 fi ọrùn lélẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ń kọrin lórí ẹwà obìnrin, ohùn sí ohùn, bí ọ̀rẹ́ méjì. Abẹ ń lọ, ó ń bọ̀. Gbogbo ẹni tó wà nínú sinimá ló mọ ibi tó yẹ kí orin náà balẹ̀ sí, abẹ pàápàá á balẹ̀ síbẹ̀. Ibi tó kù díẹ̀ kó balẹ̀ ni ẹnìkan já ilẹ̀kùn wọlé. Orin já, adájọ́ bọ́. Alan Rickman tó ṣe adájọ́ kì í ṣe akọrin, Johnny Depp tó ṣe onígbàjámọ̀ náà kì í ṣe akọrin ìtàgé, ṣùgbọ́n ohùn wọn kékeré bá ibẹ̀ mu. Akọrin ìtàgé gbọ́dọ̀ ju ohùn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Nínú fíìmù, kámẹ́rà wà ní ìwọ̀n ọwọ́ kan sí ojú òṣèré, bó bá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ a gbọ́.

Mo gbà pé ohùn Helena Bonham Carter tó ṣe Ìyáàfin Lovett tín-ínrín níbi tí orin bá ga. Síbẹ̀, ẹ wo orin rẹ̀ àkọ́kọ́, níbi tó ti ń bú páì ara rẹ̀. Ó ń po ìyẹ̀fun, ó ń fi igi lù ú, ó ń pa aáyán lórí tábìlì, ó ń nu ọwọ́, ó sì ń kọrin tó yára bí àgbàdo tó ń ta nínú ìkòkò. Ìlù kan, ìṣe kan. Bó bá pẹ́ lórí ìyẹ̀fun díẹ̀ péré, ọ̀rọ̀ á sá lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti lu àkàrà rí tó ń dá oníbàárà lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà á mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni.

Ohun kan wà tí mi ò lè gbójú fò. Lórí ìtàgé, ẹgbẹ́ akọrin kan ló ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, wọ́n ń pè wá pé ká wá gbọ́, wọ́n sì ń padà wá láàárín àti ní ìparí. Burton yọ wọ́n kúrò. Orin wọn wà níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn àwọn ohun èlò orin nìkan ni, kò sí ẹnu èèyàn. Mo mọ ìdí: lórí ìtàgé, akọrin lè wo ojú òǹwòran kó bá a sọ̀rọ̀, nínú fíìmù, bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ó rántí pé fíìmù ni. Àmọ́ etí Yorùbá mọ̀ pé nǹkan kan kù. Orin tiwa ní lílé, ó ní ègbè, ègbè ló sì ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ìlú. Fíìmù yìí jẹ́ lílé láìsí ègbè. Ní ìparí, onígbàjámọ̀ kúnlẹ̀ pẹ̀lú òkú lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ọrùn rẹ̀ ń kán sórí ojú òkú náà, kò sẹ́ni tó gbè é. Lórí ìtàgé, àwọn òkú á dìde, wọ́n á tún kọrin sí wa létí. Burton fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ó dùn mí bí mo ṣe ń wò ó, síbẹ̀ mi ò lè sọ pé kò tọ̀nà. Ọkùnrin yẹn ti pa gbogbo ẹni tí ì bá gbè é.

Ohun mìíràn tí wọ́n yí padà dára jù bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Toby, ọmọ tó ń bá Ìyáàfin Lovett ṣiṣẹ́, àgbàlagbà ni wọ́n máa ń fi ṣe é lórí ìtàgé. Nínú fíìmù, ọmọdé gidi ni. Nígbà tó bá ń kọ ọ́ fún obìnrin náà pé kò sí ohun búburú tó máa ṣe é lójú òun, tí obìnrin náà sì ń wò ó tí omi lé lójú, tó ti mọ̀ pé ọmọ náà ti ń fura, inú èèyàn á bàjẹ́ ju ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà lọ.

Kí ló wá kàn wá nínú rẹ̀? Dúró Ládípọ̀ gbé Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo nínú àwọn ọdún 1960, ìlù àti orin ló fi sọ ìtàn ọba tó so, gbogbo ayé sì pàtẹ́wọ́. Ní 1976, Ọlá Balógun àti Adé Love gbé Àjàní Ògún jáde, fíìmù Yorùbá tó kún fún orin. Lẹ́yìn náà, orin di ohun tí wọ́n ń fi sí ẹ̀yìn fíìmù láti sọ ìtàn tí a ti rí tẹ́lẹ̀. Bí ẹnìkan nínú àwọn olùdarí wa bá fẹ́ gbé e padà, Sweeney Todd jẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n kọ́kọ́ gba gbogbo orin sílẹ̀ ní sítúdíò kí wọ́n tó ya àwòrán, wọ́n wá ń gbé e sáfẹ́fẹ́ níbi iṣẹ́, òṣèré ń bá a lọ. Ẹ má jẹ́ kí òṣèré la ẹnu lásán. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sókè, nítorí iṣan ọrùn àti èémí ni kámẹ́rà ń rí, ẹni tó ń la ẹnu lásán kì í mí níbi tí akọrin ti ń mí. Ẹ fi ìró ìkàlù mẹ́rin sí iwájú orin kọ̀ọ̀kan kí gbogbo èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ pọ̀. Kí iye àwòrán tí ẹ ń lò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan sì jẹ́ ọ̀kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: bí kámẹ́rà bá gba àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ẹni tó ń to fíìmù wá gbé e sórí 24, àwòrán orin ìṣẹ́jú 3 á fi ìṣẹ́jú-àáyá 7 àti ààbọ̀ gùn ju orin náà lọ. Ẹnu á máa lọ, ohùn á ti dé ilé.

Fún ẹ̀yin onísinimá, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Nígbà tí wọ́n ń polówó fíìmù yìí, wọ́n bo orin inú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ní Britain àwọn kan sì dìde jáde nígbà tí wọ́n gbọ́ pé orin ni. Bí ẹ bá gbé irú rẹ̀ wá, ẹ kọ ọ́ sára ìwé ìpolówó pé wọ́n ń kọrin, ẹ kọ ọ́ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ wọlé, kí ẹ má sì dín ohùn kù nítorí pé dùùrù ìbẹ̀rẹ̀ ń mi ògiri. Ó yẹ kó mì ín.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn